Ilẹ̀ Tó Ń Kí Ènìyàn

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, nítorí bí Káfíńtà ṣe ń sọ ọ́ kiri yìí, irọ́ ibẹ̀ pọ̀ ju òótọ́ lọ. Ó ní mo sin fóònù. Èmi ò sin fóònù o. Mo gbé fóònù kalẹ̀ kó sinmi ni, àwọn ènìyàn wá da kọnkéré lé e lórí. Ẹni tó bá lóye á mọ̀ pé ìsìnkú yàtọ̀ sí ìsinmi.

Bíríkìlà ni mí. Èmi ni ọ̀gá àwọn bíríkìlà níbi tí a ti ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ọmọ mi obìnrin sì ni ẹnjiníà tó ń darí gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò ṣì mí gbọ́. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà, òun ló ń sọ ibi tí n ó gbé ògiri sí fún mi. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í ṣe ẹnjiníà ibẹ̀, gbogbo ẹni tó bá kí mi lójú ọ̀nà ni mò ń sọ fún, títí kan ẹni tó kàn fẹ́ béèrè agogo tó lù. Ṣùgbọ́n kí inú ẹni dùn lọ́tọ̀, kí ọmọ ẹni máa pàṣẹ fúnni lójú àwọn ọmọọṣẹ́ ẹni lọ́tọ̀.

Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni ṣá. Láràárọ̀, bó bá ti dé ibi iṣẹ́ tòun ti akoto funfun lórí, á wá síbi tí mo wà, á kúnlẹ̀ sínú yanrìn, á ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá mi." Èmi náà á ní, "Káàárọ̀, Àbíkẹ́yìn. Ṣé dáadáa lo jí?" Lẹ́yìn ìyẹn ló máa tó dìde, á gbọn yanrìn kúrò lórúnkún, á wá ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ògiri tí ẹ kọ́ lánàá wọ́. Ẹ bá mi wó o." Ó ti kí mi, ó ti kúnlẹ̀, ó tún ti bẹ̀ mí. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Màá wó o.

Bí nǹkan ṣe ń lọ geerege nìyẹn títí Ọ̀gá Àgbà, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé wa, fi yọ sí wa láàárọ̀ ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe dúró, ọmọ mi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi. Ọkùnrin náà yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú bí ẹni pé dígí ló ń purọ́ fún un.

Ó ní, "Ẹnjiníà, kí ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ tí ò ń wá?"

"Kò sí nǹkan kan, sà. Bàbá mi ni mò ń kí."

Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin yẹn ò mọ ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo wa la gbọ́. "Nílé, kúnlẹ̀ títí eékún rẹ á fi bó," ó ní. "Níbí, ìwọ lọ̀gá. Ẹnjiníà tó ń kúnlẹ̀ fún bíríkìlà, ta ló máa gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu? Màá padà wá tí ẹ bá ti da dẹ́kìn òkè tán, tí páìpù ti yọ lórí rẹ̀. Tí mo bá rí i pé ìwọ kọ́ lò ń darí ibí, wàá padà sí ọ́fíìsì lọ máa to fáìlì, màá gbé ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jágbe wá síbí."

Ọmọ yìí ti to fáìlì rí. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà nídìí ẹ̀ lọ́jọ́sí, ńṣe ló máa ń wọlé bí ewé tí oòrùn pa, á jókòó, á máa wo ògiri ilé wa, á ní, "Bàbá mi, ẹ rí ògiri yìí, ẹnì kan ló kọ́ ọ." Mo ní, "Èmi ni." Á ní, "Mo mọ̀. Ẹ kúuṣẹ́." Ẹkún á sì máa gbọ̀n mí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi padà síbẹ̀ láéláé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ọ̀gá Àgbà wá yẹn, ọmọ mi gbé páálí kékeré kan wá bá mi ní pálọ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ."

Mo ní, "Bí o ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo ti bínú."

Fóònù tuntun ló wà nínú páálí. Nǹkan kan sì wà nínú fóònù náà tí orúkọ tí àwọn tó ṣe é sọ ọ́ ò ṣeé pè tí eyín ò bá pé lẹ́nu. Pátákó ni gbogbo wa padà ń pè é. Ọmọ mi ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Àwòrán ilé tí à ń kọ́ wà nínú Pátákó. Bí ayàwòrán ilé bá yí nǹkan kan padà, gbogbo wa la máa rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ tirẹ̀ á ya fọ́tò ẹ̀ síbẹ̀. Bí òun ẹnjiníà bá ní ọ̀rọ̀, á kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tó bá ti kà á á tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo ti rí i" sí. Ọ̀gá Àgbà náà wà nínú ẹ̀, á máa wò wá láti ibi tó bá wà.

"Ìkúnlẹ̀ ńkọ́?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí ìkúnlẹ̀ nínú fóònù, bàbá mi. Ìdí tí mo fi ní ká máa lò ó gan-an nìyẹn. Mo lè ní kí ẹ wó ògiri, kí ẹnikẹ́ni má sì rí orúnkún mi."

Ìyàwó mi dá sí i láti ẹ̀yìn ilé, níbi tó ti ń fọṣọ. "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Èmi ni mò ń fọ yanrìn kúrò lórúnkún àwọn ṣòkòtò yẹn!"

Nítorí pé ojú mi ò ríran ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, ọmọ mi ṣe fóònù náà débi pé gbogbo ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú Pátákó, ohùn obìnrin kan á máa kà á sókè. Ohùn náà dà bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Ọmọ mi fi fóònù sínú ọ̀rá kí sìmẹ́ńtì má bàa wọ̀ ọ́, ó wá fi rọ́bà de páwà báńkì ńlá kan mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó kú o, bàbá mi. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kó má kú." Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti inú fóònù yẹn jáde, níbi iṣẹ́, lójú gbogbo ọmọọṣẹ́ mi: "Ẹ wó ògiri apá ọ̀tún."

Kò kí mi! Kò ní "ẹ jọ̀ọ́," kò ní "bàbá mi." Ara mi bù máṣọ. Mo ju ohun ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Ta nìyẹn? Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò lórí èlùbọ́?"

Baba Irin, ẹni tó ń de irin fún wa, tó dàgbà ju gbogbo wa lọ, mi orí. Ó ní, "Ayé ti bàjẹ́. Wọn ò kíni mọ́."

Mo dìde, mo pe gbogbo wọn jọ. Mo ní, "Ẹ gbọ́ o. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sí ẹnì kankan tó máa sọ̀rọ̀ nínú Pátákó yìí láìkọ́kọ́ kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, bí wọ́n bá sì kí ẹ, kí o dáhùn. Ẹni tó bá ń hùwà bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé, èmi àti ẹ̀ ni."

Háà, ẹ ò rí nǹkan! Láti ọjọ́ yẹn ni Pátákó ti di ibi ìkíni. Ẹ káàárọ̀, Baba Irin. Ẹ káàárọ̀, Ìyá Páìpù. Ẹ kúuṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ kú oòrùn. Bí òjò bá ṣú, ẹ kú òjò; bí ò bá rọ̀ mọ́, ẹ kú ìrètí. Baba Irin ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn, ó sì ń béèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan tí Ọ̀gá Àgbà ṣèèṣì kọ "Ẹ kúuṣẹ́" ránṣẹ́ láti ibi tó wà, gbogbo wa pátá la dá a lóhùn. Wọ́n ní ó pa fóònù ẹ̀, ó lọ sùn. Káfíńtà ní fóònù tòun gbóná débi pé òun lè fi lọṣọ.

Ọmọ mi bẹ̀ mí nílé. "Bàbá mi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti ń sọnù sáàárín ìkíni. Mi ò rí ohun tí mo kọ mọ́."

Mo ní, "Ìwọ náà kí wa kí o tó kọ ọ́. Wàá rí i."

Káfíńtà yìí, ó yẹ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Ó-ti-tán là ń pè é. Iṣẹ́ tí o bá ní kó ṣe, kí o tó parí gbólóhùn ẹ, ó ti ní, "Ó ti tán." Bí o bá dé ibẹ̀, pákó ò tíì kúrò nínú ọkọ̀. Pátákó wá dé, ó di pé ó lè sọ "Ó ti tán" láti orí ibùsùn ẹ̀. Ó-ti-tán rí ayé jẹ.

Ọjọ́ tí a máa da dẹ́kìn wá pé. Ẹni tí ò bá mọṣẹ́ wa, dẹ́kìn ni ilẹ̀ kọnkéré tó máa wà lókè, tí ènìyàn á máa tẹ̀. Níbi tí páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa gbà kọjá nínú ẹ̀, a kì í dúró dìgbà tí kọnkéré bá le ká tó máa lu ihò. Káfíńtà ló máa ń kan àpótí pákó kékeré kan síbẹ̀, á sì kan ìdérí sí i. Bí kọnkéré bá ti le yí i ká, a ó yọ àpótí, ihò ti wà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ayàwòrán ilé sún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí apá ibòmíì nínú àwòrán. Ọmọ mi kọ ọ́ sí Pátákó pé kí Káfíńtà gbé àpótí lọ sí ààyè tuntun, kó sì ya fọ́tò ẹ̀. Kíá, Káfíńtà dáhùn: "Ẹ káàárọ̀, Ẹnjiníà. Ó ti tán." Fọ́tò tẹ̀ lé e.

Gbogbo nǹkan ì bá lọ dáadáa o, bí kò bá ṣe pé ìyàwó ọmọ Baba Irin bímọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Baba Irin gbé fọ́tò ọmọ jòjòló sí Pátákó. Yéè! Ọ̀rọ̀ di bóò lọ o yà fún mi. Ẹ kú ewu. Ẹ kú oríire. Ọlọ́run á dá a sí. Àwọn tí ò tíì sọ̀rọ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti fi wọ́n sínú Pátákó náà bọ́ síta. Baba Irin ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: àmín, ẹ ṣé, tiyín náà á dé. Èmi tí mo wà lórí dẹ́kìn pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí mo fi ń dán ilẹ̀ lọ́wọ́, obìnrin ọlọ́fìnkìn yẹn ń ka gbogbo ẹ̀ sí mi létí láti inú àpò ṣòkòtò mi. Ẹ kú ewu. Àmín. Ẹ kú ewu. Àmín. Ó sú mi! Bí mo ṣe wo ẹ̀gbẹ́ mi báyìí, mo rí àpótí Káfíńtà tí ìdérí ẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Mo gbé fóònù sínú ẹ̀. Mo ní, "Lọ máa kí ara ẹ níbẹ̀. Màá wá mú ẹ tí a bá fẹ́ jẹun."

Nígbà tí mo yíjú, Káfíńtà kọjá, ó kan ìdérí mọ́ àpótí láìwo inú ẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ rí i báyìí? Ta ló sin fóònù?

Kọnkéré dé. Bí kọnkéré bá ti dé, bíríkìlà ò rántí ìyá ẹ̀ mọ́, kí á má tíì wá sọ fóònù. A dà á, a tẹ́ ẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán an. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀: ilẹ̀ tí èmi bá dán, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú ni. Mi ò lè fara da àpá lórí ilẹ̀ mi. Ojú àpótí kan wà níbì kan tó fẹ́ ba ẹwà iṣẹ́ mi jẹ́, mo fa kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Gbogbo ẹ̀ wá dán gbinrin láti igun dé igun.

Ọmọ mi wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń po kọnkéré. Láti ibẹ̀ ló ti kọ ọ́ sí Pátákó, pé, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má fi kọnkéré bo ojú àpótí. Ẹ jẹ́ kó hàn síta." Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sáàárín ẹ kú ewu àti àmín. Àwọn tó wà lókè rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ jòjòló náà ni, wọ́n tẹ "Mo ti rí i" láìkà á. Ọmọ mi rí i pé gbogbo wọn ti tẹ̀ ẹ́ àfi èmi, ó sì mọ̀ pé bàbá òun ò fẹ́ràn títẹ nǹkan, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Èmi tó yẹ kí fóònù kà á fún, fóònù mi wà nínú àpótí. Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má bo àpótí, àpótí nìkan ni wọ́n kà á fún.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ilẹ̀ ti le tó ẹsẹ̀, Ìyá Páìpù gòkè wá. Púlọ́ńbà wa nìyẹn, obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ó gbé páìpù rẹ̀ léjìká. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ihò mi dà?" ó ní.

Gbogbo wa wolẹ̀. Ilẹ̀ ń dán.

Ọmọ mi ṣí àwòrán nínú Pátákó, ó lọ síbi tí àwòrán ní kí ihò wà. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n fi òòlù kékeré kàn án, gìdìgbà ni gbogbo ibẹ̀. Ó yíjú sí Káfíńtà. "Ibo lẹ kan àpótí yẹn sí?"

Káfíńtà fọwọ́ họrí. "Ibẹ̀ yẹn náà ni, Ẹnjiníà. Tàbí ibi tọ̀hún. Ìgbà tí mo dé òkè, kọnkéré ti ń bọ̀, mo kàn yára kàn án síbi tí mo ráyè."

"Fọ́tò tí ẹ yà ńkọ́?"

Wọ́n ṣí fọ́tò náà. Gbogbo wa kó orí jọ lé e. Àpótí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ewúrẹ́ kan náà dúró tì í.

Baba Irin ní, "Ewúrẹ́ ta nìyí? Àwa ò ní ewúrẹ́."

Káfíńtà wolẹ̀. Ibi iṣẹ́ kan tó ti ṣe rí ló ti ya fọ́tò náà; gbogbo àpótí tó bá kàn láyé ẹ̀, fọ́tò kan ṣoṣo yẹn ló fi ń jẹ́rìí. Mo fẹ́ gbá a létí, ọmọ mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù gbogbo wọn dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá Àgbà ló kọ̀wé: "Mo ti wà lọ́nà. Mo fẹ́ wá wo dẹ́kìn àti páìpù."

Ìyá Páìpù tún béèrè, "Ihò mi dà?"

Mo ní ká máa fọ́ ilẹ̀ káàkiri títí a ó fi rí i. Baba Irin nà gbalaja sórí ilẹ̀. "Ẹni tó bá máa gé irin mi, kó kọ́kọ́ gé mi." Ọmọ mi yọ akoto ẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tó máa ń gbé wálé láti ìdí fáìlì nìyẹn. Ó dùn mí wọra.

Mo fọwọ́ kan àpò ṣòkòtò mi láti nu òógùn. Àpò ṣófo. Mo rántí.

Mo ní, "Àbíkẹ́yìn, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n má jágbe."

Mo sọ fún un pé fóònù mi wà nínú àpótí, àti pé mi ò mọ ibi tí mo ti rí àpótí ọ̀hún mọ́, nítorí gbogbo ilẹ̀ ló dán bákan náà. Àwọn ọmọọṣẹ́ mi ń gbọ́, Káfíńtà ń gbọ́, ojú tì mí wẹ̀lẹ̀. Ọmọ mi dé akoto ẹ̀ padà.

"Ẹ pa ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ yẹn," ó ní. "Gbogbo yín, ẹ yí ohùn fóònù yín sílẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fetí lélẹ̀. Ẹ tò láti ògiri dé ògiri. Ká máa kí bàbá mi nínú Pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá gbọ́ ohùn lábẹ́ ilẹ̀ nàwọ́ sókè."

A kúnlẹ̀ o. Gbogbo wa. Èmi, Baba Irin, àwọn ọmọọṣẹ́ mi, Ìyá Páìpù pẹ̀lú páìpù ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Orí wa wà nílẹ̀, ìdí wa wà lókè. Ìyá Páìpù ló kọ́kọ́ kí mi: "Ẹ kúuṣẹ́, ọ̀gá." Ohùn kan dún lókèèrè lábẹ́ wa, ṣùgbọ́n kí a tó mọ ibi tó ti wá, ó ti tán.

Ọmọ mi ní, "Ó kúrú jù. Ẹ sún mọ́ apá ibí. Ẹlòmíì."

Bí a ṣe wà nìyẹn tí Ọ̀gá Àgbà gun àtẹ̀gùn dé. Ó dúró. Ó yọ dígí ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ ló wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló wà lóòró, akoto funfun wà lórí ẹ̀, ó ń nàka.

"Kí lẹ̀ ń ṣe ní..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, sà," ọmọ mi ní. "Ẹ má tún gbẹ́sẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ síbi tí ẹ wà yẹn, ẹ fetí sílẹ̀."

Mo rò pé ọ̀run máa já ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó dúró tí òun lè bá dúró. Ó ká ṣòkòtò ẹ̀ sókè díẹ̀, ó kúnlẹ̀.

Ọmọ mi ní, "Ìkíni tó gùn là ń fẹ́ báyìí. Ta ló mọ ìkíni tó gùn?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ta ló kúkú dá ìkíni sílẹ̀ nínú Pátákó? Mo sọ fún Káfíńtà, "Yọ fóònù ẹ. Kọ ohun tí mo bá sọ, má sì kọ 'Ó ti tán' síbẹ̀." Ó ń kọ, mo ń sọ ọ́ fún un létí jẹ́jẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa pa rọ́rọ́.

Lábẹ́ ilẹ̀, obìnrin ọlọ́fìnkìn yẹn bẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Ẹnjiníà. Ẹ kúuṣẹ́, Ẹnjiníà. Ẹ kú àbójútó. Ẹ kú ìfaradà alágídí bàbá. Ògiri tí ẹ bá ní kí n wó, màá wó o, ẹ kí mi o, ẹ ò kí mi o. Ẹ má padà sídìí fáìlì o, Ẹnjiníà wa. Èmi bíríkìlà yín ni."

"Ó wà lábẹ́ mi!" Ọ̀gá Àgbà fò sókè. "Ilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ mi!"

Ọmọ mi ń wò mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi í ṣe ẹnjiníà, èmi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Omi lé ròrò sí i lójú, èmi náà sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, mi ò tiẹ̀ rántí dìde.

Ìyá Páìpù ló fi òòlù kan ibẹ̀. Kọnkéré fẹ́lẹ́ yẹn fọ́, ìdérí àpótí yọ. Wọ́n ṣí i, fóònù mi wà níbẹ̀ tòun ti páwà báńkì, kò kú. Bí mo ṣe gbé e, ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ò tíì rí. Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má fi kọnkéré bo ojú àpótí."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Mo tẹ "Mo ti rí i." Ọmọ mi fi àwòrán wọ̀n ọ́n, ibi tí Káfíńtà kan àpótí sí ò jìnnà sí ààyè tuntun náà, ayàwòrán ilé ní òun lè sún ògiri díẹ̀ bá a. Ìyá Páìpù gbé páìpù ẹ̀ bọ ihò, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀gá Àgbà gbọn eruku kúrò lórúnkún. Ó ní, "Látìgbà tí mo ti ń jágbe nínú iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún mi rí." Ó yíjú sí ọmọ mi. "Ẹnjiníà, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ. Fáìlì á máa to ara ẹ̀." Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà nídìí iṣẹ́ mi, fóònù sọ̀rọ̀: "Ẹ káàárọ̀, bàbá mi. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ wó ògiri tó wà lẹ́yìn yín."

Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí i níbì kankan. Mo ní nínú ara mi, irọ́ ni, inú fóònù ló kúnlẹ̀ sí. Kò burú. Mo wó ògiri.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi ń fọṣọ lẹ́yìn ilé. Ó gbé ṣòkòtò iṣẹ́ Àbíkẹ́yìn sókè, ó pariwo, "Ẹ̀yin bàbá àtọmọ yìí! Ẹ ní fóònù ti gba ìkúnlẹ̀ ṣe. Yanrìn wo ló tún wà lórúnkún èyí?"

Mo gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi ni mo fọ̀ ọ́.